Ọjọ́ Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Dákẹ́ Láàrin Koríko Ọ̀sà

Òórùn kan wà tí mi ò lè gbà símú mọ́ kí àyà mi má já: òórùn kẹ́ẹ̀gì epo pupa tí wọ́n fi ọṣẹ fọ̀, tí wọ́n wá ṣí sílẹ̀ kí inú rẹ̀ lè gbẹ. Kì í ṣe òórùn burúkú. Ó dà bí òórùn ilé ìdáná lẹ́yìn tí wọ́n bá ti jẹun tán, epo díẹ̀, ọṣẹ díẹ̀, àti ike tí oòrùn ti pa. Ẹni tó bá ń gbé Ìkòròdú á máa pàdé rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, kò sì ní kà á sí. Èmi ló máa ń dá dúró lójú ọ̀nà. Bí atẹ́gùn bá gbé e wá, ẹsẹ̀ mi á kọ́kọ́ wúwo, etí mi á sì nàró bí ti ẹni tó ń retí kí wọ́n pe òun. Ó ti tó ọdún mélòó kan báyìí, àmọ́ ara kì í ka ọdún.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló mú ọ̀rọ̀ ìsinmi wá. Òun ni àkọ́bí ìyá wa, èmi ni àbígbẹ̀yìn. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo dàgbà sí. Ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún se oúnjẹ fún àwọn ọmọ ilé ìwé, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì nígbà náà. Ó ra fóònù ńlá, ó wá ń fi ojoojúmọ́ wo àwọn tó ń gbafẹ́ kiri ayé: àwọn tó ń rìn létí òkun ní Zanzibar, àwọn tó ń gun ràkúnmí ní Dubai. Bí Oṣù Kejìlá bá dé, ó tún máa ń rí àwọn ọmọ wa tó ń ti òkè òkun bọ̀ wá sí Èkó, tí wọ́n ń ya fọ́tò létí omi, tí wọ́n ń sọ pé kò síbi tó dùn tó ilẹ̀ yìí. Lọ́jọ́ kan ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń rán aṣọ ilé ìwé, ó gbé fóònù náà lé orí maṣíìnì mi.

"Wò ó," ó ní. "Àwọn èèyàn ń wọ bàálù wá wo omi tó wà lẹ́yìn ilé wa. Àwa tí a ń gbé níbẹ̀, kí la ti rí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀fọn ló wà níbẹ̀."

"Ẹ̀fọn náà á rí mi lọ́dún yìí."

Ohun tó fẹ́ kò ju agbára wa lọ. Ó fẹ́ kí àwa méjèèjì lọ sí Ìjẹ̀dé, kí a wọ ọkọ̀ ojú omi níbẹ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́, kí a sùn sọ́dọ̀ ìbátan wa kan, kí a jókòó sétí omi jẹ ẹja tútù, kí a sì gba ọ̀nà ilẹ̀ padà sílé lọ́jọ́ kejì. Ọkọ̀ àwọn onígbafẹ́, èyí tó ní ìjókòó onítìmùtìmù àti ìbòrí, kò sí nínú agbára wa. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ní ọ̀rẹ́ kan, obìnrin tó máa ń kó kẹ́ẹ̀gì òfìfo láti Ìkòròdú lọ fún àwọn tó ń ta epo ní agbègbè Ẹ̀pẹ́. Ìyẹn ní kí a bá òun wọ ọkọ̀ ẹrù òun, kí a kàn fún awakọ̀ ní ohunkóhun tí a bá ní. Bí a ṣe di arìnrìn-àjò afẹ́ nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi se ìrẹsì àti ẹyin sínú kúlà, ó ra awò dúdú lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri, ó sì ra fìlà etí òkun tó fẹ̀ bí atẹ. Ó fi sikáàfù so fìlà náà mọ́ àgbọ̀n kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ.

Ẹ̀rù ti ń bà mí kí a tó kúrò nílé. Èmi kì í bá omi ṣeré rárá. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ò ní jẹ́ ká gba ọ̀nà ilẹ̀ ní Ìtóìkín? Bọ́ọ̀sì wà níbẹ̀ láti àárọ̀."

Ó yí ojú sí mi pẹ̀lú awò dúdú yẹn. "Ta ló ń gba Ìtóìkín lọ sí ìsinmi?"

Ọkọ̀ tí a bá ní èbúté Ìjẹ̀dé gùn, pákó ni, ẹ́ńjìnnì kékeré kan sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì ló kún inú rẹ̀, tí wọ́n tò lé ara wọn títí tí wọ́n fi ga ju orí èèyàn lọ, tí wọ́n sì fi okùn yí wọn ká. Gbogbo wọn ló la ẹnu sílẹ̀. Obìnrin oníkẹ́ẹ̀gì ṣàlàyé fún mi pé bí wọ́n bá dé wọn nígbà tí omi ọṣẹ kò tíì gbẹ nínú wọn, epo tí wọ́n bá rọ sí wọn á bàjẹ́. Nítorí náà wọ́n máa ń fi wọ́n sílẹ̀ fún atẹ́gùn ojú omi títí dé Ẹ̀pẹ́. Ó wá sín gbogbo ìdérí wọn sínú okùn kan, ó gbé e kọ́rùn kí wọ́n má baà sọnù.

Ẹ̀gbọ́n mi wò ó láti òkè délẹ̀. "Olorì, ẹ kú ìlẹ̀kẹ̀ o."

"Ẹ jẹ́ ká gúnlẹ̀ ná," obìnrin náà fèsì, "màá já díẹ̀ fún yín nínú ẹ̀."

Awakọ̀ náà, ọkùnrin kan tó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹgbẹ́ mi, pín jákẹ́ẹ̀tì tó ń gbé èèyàn léfòó fún wa. Wọ́n tutù, wọ́n sì ń rùn bí ìbọ̀sẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fi ìka méjì gba tirẹ̀. "Ta ló kú sínú eléyìí?" Awakọ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá, ẹ ṣáà wọ̀ ọ́. Wọn ò ní jẹ́ ká kúrò ní èbúté bí ẹ ò bá wọ̀ ọ́." Ó wọ̀ ọ́. Nígbà tí èbúté ti jìnnà sí wa, ó bọ́ ọ, ó ká a, ó sì fi jókòó nítorí pé pákó ìjókòó le. Obìnrin oníkẹ́ẹ̀gì náà ti fi tirẹ̀ jókòó ṣáájú rẹ̀. Bí gbogbo ayé ṣe máa ń ṣe é nìyẹn, ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Èmi so tèmi ní kókó méjì-méjì. Ẹ̀gbọ́n mi ya fọ́tò mi, ó ní òun á kọ sábẹ́ rẹ̀ pé ọmọ ogun ojú omi ni àbúrò òun.

Mi ò ní purọ́, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dùn. Oòrùn àárọ̀ wà lórí ọ̀sà bí epo lójú ọbẹ̀, àwọn ẹyẹ funfun dúró lórí àwọn igi tí apẹja gún sínú omi, ẹ̀gbọ́n mi sì ń tọ́ka sí ohun gbogbo bí ọmọ kékeré. Nígbà tó yá, awakọ̀ fi àárín ọ̀sà sílẹ̀, ó rọra ń tọ etí omi lọ. Ó ní epo pẹtiróòlù tó wà nínú táńkì kò ní gbé wa dé bí òun bá gba ọ̀nà jíjìn. Ibẹ̀ la ti bọ́ sáàárín koríko. Òpin àsìkò òjò ni, ìgbà tí koríko ojú omi máa ń ti inú odò wọ ọ̀sà wá ní agbo-agbo, ewé rẹ̀ nípọn, òdòdó rẹ̀ dà bí aró tí wọ́n fi omi là. Ẹ̀gbọ́n mi ní Zanzibar kò ní irú èyí. Ó ṣì ń ya fọ́tò lọ́wọ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, tó sì dákẹ́.

Gbòǹgbò koríko náà ti wé mọ́ abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Awakọ̀ fi ọ̀bẹ gé e, ó tan ẹ́ńjìnnì, a rìn díẹ̀, ó tún kú. Ó gé e títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó. Ní gbogbo àsìkò yẹn atẹ́gùn ń ti koríko mìíràn wá sẹ́yìn wa, títí ojú ọ̀nà tí a gbà wọlé fi dí, tí ọkọ̀ wa sì dà bí ohun tí wọ́n gbàgbé sínú oko. Bí ẹni tí kò mọ ibẹ̀ bá rí i, á rò pé ilẹ̀ ni, pé èèyàn lè rìn lórí rẹ̀. A gbìyànjú fóònù, kò lọ. A jẹ ìrẹsì wa. Omi mímu wa tán, oòrùn sì ń lu wá lórí. Ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n mo rí i pé ó ti bọ́ awò dúdú náà, ojú rẹ̀ kò sì kúrò ní ìlà-oòrùn, níbi tí sánmà ti ń dúdú.

Ìjì òpin òjò kì í ránṣẹ́ ṣáájú. Bí awakọ̀ ṣe ní kí a dì mú ọkọ̀ ló ti dé. Ohun tó sì ń yà mí lẹ́nu títí dòní ni pé kì í ṣe ẹrù wúwo ló dà wá nù. Ká ní epo wà nínú àwọn kẹ́ẹ̀gì yẹn ni, bóyá ọkọ̀ ì bá jókòó dáadáa sínú omi. Òfìfo ni wọ́n, wọ́n sì ga. Atẹ́gùn dì mọ́ wọn bí aṣọ ìgbòkun, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ lélẹ̀ sínú omi pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń tẹ́ ọmọ sùn.

Mi ò mọ bí mo ṣe jáde lábẹ́ omi. Jákẹ́ẹ̀tì náà ló fà mí sókè ní ọrùn. Omi wà nímú mi, ewé jíjẹrà wà lẹ́nu mi, ọwọ́ mi sì kan igi. Ọ̀kan ni lára àwọn igi tí àwọn apẹja gún mọ́lẹ̀ kí ẹja lè wá sá pamọ́ sáàárín wọn. Mo dì mọ́ ọn. Mo rí awakọ̀ àti obìnrin oníkẹ́ẹ̀gì tí wọ́n rọ̀ mọ́ ìdí ọkọ̀ tó ti dojú dé, okùn ìdérí ṣì wà lọ́rùn obìnrin náà. Àwọn kẹ́ẹ̀gì ti túká káàkiri, ẹnu wọn là sílẹ̀, wọ́n ń mu omi gbọ̀lọ̀-gbọ̀lọ̀, wọ́n sì ń rì lọ́kọ̀ọ̀kan. Obìnrin náà ń pariwo pé, "Ẹ dí ẹnu ẹ̀! Ẹni tó bá rí kẹ́ẹ̀gì mú, ẹ dí ẹnu ẹ̀!" Gbogbo ìdérí ló wà lọ́rùn rẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ gbà á.

Ẹ̀gbọ́n mi rí kẹ́ẹ̀gì kan mú. Mo rí i fìrí, àyà rẹ̀ lórí kẹ́ẹ̀gì náà, kí atẹ́gùn tó gbé e wọ inú koríko. Lẹ́yìn ìyẹn mi ò rí i mọ́. Koríko náà ga ju orí wa tó yọ lójú omi lọ. Ohun tí mo ń rí kò ju ewé àti òjò. Ohùn rẹ̀ nìkan ló kù fún mi. Ó ń pe oríkì mi, èyí tí ìyá wa fún mi, tí ẹnikẹ́ni kò pè mí mọ́ àfi òun.

"Mo wà níbí o!" mo ké.

"Ṣé jákẹ́ẹ̀tì ẹ wà lọ́rùn?"

"Ó wà!"

"Má tú u o! Má sì wá síbí o. Ṣé o gbọ́? Má wá."

"Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹ rí nǹkan dì mú?"

"Fìlà mi ti lọ," ó ní. Mo gbọ́ tó wúkọ́. Lẹ́yìn náà ó tún pe oríkì mi lẹ́ẹ̀kan sí i, ohùn rẹ̀ kéré díẹ̀, bí ti ẹni tó ń ti yàrá kan bọ́ sí òmíràn. Lẹ́yìn ìyẹn ó dákẹ́.

Mo rò pé ó ń mí ni. Mo dúró. Mo pè é. Òjò ń rọ̀, atẹ́gùn ń mi koríko síhìn-ín sọ́hùn-ún, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo tún pè é, "Ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ̀gbọ́n mi!" títí ọ̀nà ọ̀fun mi fi ń ta mí. Mo fi igi sílẹ̀, mo ní mo fẹ́ wọ inú koríko náà lọ bá a. Gbòǹgbò rẹ̀ wé mọ́ mi lẹ́sẹ̀ bí irun tí wọ́n tú, jákẹ́ẹ̀tì kò jẹ́ kí n rì, koríko kò sì jẹ́ kí n lọ. Awakọ̀ ń ké láti ìdí ọkọ̀ pé, "Àǹtí, ẹ padà sídìí igi! Bí koríko yẹn bá gbé yín, kò sí ẹni tó máa rí yín mọ́!" Mo padà. Ẹ̀kúnwọ́ koríko kan ló wà lọ́wọ́ mi, mi ò sì mọ ìgbà tí mo já a.

Ọ̀rẹ́ mi, mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ bí àkókò yẹn ṣe rí. Mo pe Ọlọ́run ní gbogbo orúkọ tí mo gbọ́ rí, ti ṣọ́ọ̀ṣì àti ti mọ́sálásí, nítorí pé méjèèjì ló wà nílé wa. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro ohun tí màá sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Mo ro ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, mo rí ara mi tí mo dúró níbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tútù, tí ẹni tó ṣílẹ̀kùn ń wo ẹ̀yìn mi bóyá ẹnìkan ń bọ̀. Mo tilẹ̀ ro aṣọ tí a ó fi sin ín. Ọwọ́ mi ti kú, eyín mi ń gbá ara wọn, èrò kan sì ń sọ fún mi pé kí n tú kókó jákẹ́ẹ̀tì náà kí gbogbo rẹ̀ parí. Mo fọwọ́ kan kókó náà. Ohùn rẹ̀ tó ní kí n má tú u ló dá mi dúró, àní bó ti jẹ́ pé mo gbà pé ẹni tó sọ ọ́ ti lọ.

Mo wá ṣe ohun tí àbúrò kì í ṣe. Mo pe oríkì ẹ̀gbọ́n mi. Mo pè é ní ṣàkó, láìfi ọ̀wọ̀ kankan sí i, bí ìyá wa ṣe máa ń pè é nígbà tí ó bá fẹ́ rán an níṣẹ́. Láti kékeré, bí mo bá dán irú ẹ̀ wò, etí mi á gbọ́ èébú kí n tó parí rẹ̀. Èrò mi ni pé bí ó bá wà láàyè, kò sí bí ó ṣe máa gbọ́ ìyẹn kó má bú mi. Mo pè é, mo dúró kí n gbọ́ èébú. Koríko ń mì. Kò sí èébú. Mo tún pè é, mo tún pè é, mo ń sunkún, mo ń wo koríko tó ń mì, mo sì sọ fún ara mi pé ó ti tán.

Nígbà tí òjò fẹ́ dá, àwọn apẹja mẹ́ta láti apá Èjìnrìn fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ kékeré wọn wá wo àwọn igi wọn bóyá ìjì ti wó wọn. Igi wọn ni mo dì mọ́. Wọ́n gbé mi, wọ́n gbé awakọ̀ àti obìnrin oníkẹ́ẹ̀gì. Mo ń nawọ́ sí inú koríko ṣáá. Obìnrin náà ló sọ fún wọn pé, "Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà níbẹ̀. Ó ti dákẹ́."

Èyí tó dàgbà jù nínú wọn wo koríko náà fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Atẹ́gùn ti lọ sílẹ̀. Kí ló wá ń mi ibẹ̀ yẹn?"

Ibi kan ṣoṣo ló ń mì lóòótọ́, bí ẹni tí ń fa okùn. Wọ́n ti ọkọ̀ wọ inú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n bá níbẹ̀, ó sùn lé kẹ́ẹ̀gì, ojú rẹ̀ là sílẹ̀. Ó ti ki sikáàfù tó kù lọ́rùn rẹ̀ bọ ẹnu kẹ́ẹ̀gì náà, omi sì fẹ́ máa fà á yọ. Ọwọ́ rẹ̀ kan wà ní ìdìmú kẹ́ẹ̀gì, èkejì di ìdí koríko mú kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ sí àárín ọ̀sà. Ọwọ́ kò kù mọ́. Ó wá ki orí sílẹ̀, ó fi eyín tẹ sikáàfù náà mọ́ ẹnu kẹ́ẹ̀gì, ó sì di eyín pa. Bó bá la ẹnu dá mi lóhùn lẹ́ẹ̀kan péré, kẹ́ẹ̀gì á mu omi. Gbogbo bí mo ṣe ń pè é ló ń gbọ́. Ìgbàkígbà tí mo bá pè é, ó ń fa koríko. Èmi ni mo ń wò ó tí mo rò pé atẹ́gùn ni.

Àwọn apẹja náà ní láti rọra fi ìka ṣí eyín rẹ̀. Eyín iwájú kan bá sikáàfù náà jáde. Wọ́n tẹ́ ẹ sínú ọkọ̀, mo wó lé e lórí. Ó bi omi, ó mí, ó sì wò mí. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó ti ẹnu wíwú yẹn jáde nìyí:

"Ìwọ lo bí mi, tí o fi ń pe oríkì mi?"

Awakọ̀ bú sẹ́kún. Obìnrin oníkẹ́ẹ̀gì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, kò sì lè dáwọ́ rẹ̀ dúró, àwọn ìdérí ń lu ara wọn lọ́rùn rẹ̀.

A sùn ní abúlé àwọn apẹja náà. Wọ́n fún wa ní ẹ̀kọ gbígbóná àti aṣọ gbígbẹ. Ní òwúrọ̀ mo ní ká wá ọkọ̀ ilẹ̀ tó ń lọ sí Ìkòròdú. Ẹ̀gbọ́n mi kọ̀ jálẹ̀. Ó ní Ẹ̀pẹ́ ni òun sọ pé òun ń lọ. A jókòó sétí omi ní Ẹ̀pẹ́ lóòótọ́, èmi kọ ẹ̀yìn sí ọ̀sà, òun kọjú sí i. Kò lè jẹ ẹja náà, ẹnu rẹ̀ wú. Mo ń yọ egungun, mo ń rún un bí ti ọmọ ọwọ́, ó sì ń gbé e mì díẹ̀díẹ̀. Ó ní ó dùn. Ìtóìkín la gbà padà.

Mi ò tíì wọ ọkọ̀ ojú omi láti ọjọ́ náà, mi ò sì ní wọ̀ ọ́. Tí òjò bá ṣú, mo máa ń ti ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀gbọ́n mi kò fi eyín mìíràn rọ́pò èyí tó bọ́. Ó ní èyí ni fọ́tò ìsinmi òun, nítorí pé fóònù tó fi ya àwọn yòókù ti wà ní ìsàlẹ̀ ọ̀sà. Láràárọ̀ ni mo máa ń pè é lórí fóònù tuntun rẹ̀. Nígbà mìíràn á dún títí, kò ní gbé e. Nígbà kan rí, bí ẹnìkan bá dákẹ́ sí mi, mo máa ń ka ìdákẹ́ náà sí òpin ọ̀rọ̀: ó bínú, tàbí ó ti lọ. Nísinsìnyí mo máa ń dúró sídìí maṣíìnì mi, mo ń sọ fún ara mi pé ó ṣeé ṣe kí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dí, kí ó sì fi eyín di nǹkan mú, kí ó máa gbọ́ mi. Mo máa ń wá ohun tó ń mì. Lẹ́yìn náà mo máa ń tún un pè.

Bó bá gbé e, á ní, "Kí ló dé? Ilé ìwẹ̀ ni mo wà." N kì í lè fèsì lójú ẹsẹ̀. Òun náà á dúró dè mí.